Ọta Tó Ń Yí Lọ́rùn Idẹ

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.
Mo ti ọta bọ ẹnu idẹ, mo fi àtàǹpàkò yí i,
ó yí,
bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Mo da katiriji délẹ̀, mo mì ín díẹ̀:
ọta jábọ́ sórí tábìlì, ẹ̀tù tẹ̀ lé e,
ó fọ́n ká sórí aṣọ ìtẹ́tábìlì tí Ìyáàmi fi sílẹ̀.

"Bàámi, ọta ò dúró."

Bàámi ò dìde. Ojú rẹ̀ ti di kùrukùru àárọ̀ ọyẹ́.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ igbó Ọmọ fún ìjọba;
ìbọn yìí nìkan ni ìfẹ̀yìntì tó tètè dé.
Ó na ọwọ́, mo gbé idẹ sí i.
Ó fi èékánná yí ẹnu rẹ̀ po, ó fi kan ètè.

"Ẹ̀ẹ̀melòó la ti yin eléyìí?"
"Ẹ̀ẹ̀mẹta."
"Kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ta ló rọ ọta?"
"Ṣóbándé ni, nínú màdà àtijọ́ yẹn."
"Mú òmíràn wá, èyí tó ti ṣọ́ọ̀bù wá."
Èyí tó ti ṣọ́ọ̀bù wá náà yí.

Mo ní ṣé kí n fi òòlù kàn án díẹ̀ lẹ́nu?
Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú.
"Ọta tí kò dúró á sá padà sẹ́yìn,
á há ẹ̀tù mọ́ kọ̀rọ̀,
ojú ẹni tó yìn ín ni ẹ̀tù á wá ọ̀nà gbà."

Ṣọ́-mìlì ń ké lápá Atíkòrí,
ìrókò kan ń di pákó, a ò gbọ́ra wa fúngbà díẹ̀.
Nígbà tó dákẹ́, Bàámi ní:
"Bí ọta ò bá jẹ̀bi, tí idẹ ò jẹ̀bi,
ẹni tó fún un lọ́rùn ni ká bi."

Irin ìfúnlọ́rùn wà nínú agolo Ofatín.
Mo nu gíríìsì kúrò, mo gbé e sí ojú fèrèsé.
Inú rẹ̀ ń dán. Ó ń dán jù.
Ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín yí i ká,
bí ipa ẹsẹ̀ kòkòrò lórí iyanrìn Òṣun.
"Bàámi, ẹnìkan ti fi sáńdípépà ha inú rẹ̀."

Adìẹ ń tú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ èékánná rẹ̀.

Ọdún tí apá Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n,
idẹ a máa há sínú irin,
a máa fa ọ̀pá, a máa làágùn, a máa bú irin,
Adéfẹ̀sọ̀ ẹ̀gbọ́n mi a máa wò ó láìwí nǹkan.
Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀pá wálẹ̀ wọ̀ọ́.
"Apá mi ti padà!" Bàámi pariwo,
ó sì jó yí tábìlì ká, tòun ti ṣòkòtò tó ti já ní ìdí.
A fi rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ fi rọ̀.
Ọ̀sẹ̀ kejì ni gẹdú já lórí ọkọ̀ lójú ọ̀nà igbó Ọmọ.
Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ,
àfi èmi, lónìí, torí ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa tán.

"Nítorí náà," Bàámi ní,
"apá mi ò padà rárá."

Mo tú katiriji mọ́kànlá, mo da ẹ̀tù padà sí igò.
Ó ní a ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún irin tuntun,
kí n má ṣe gbàgbé láti wọn ẹnu rẹ̀ kí n tó sanwó.
"Eléyìí ńkọ́? Ṣé ká jù ú nù?"

Ó gbà á. Ó ti ìka kékeré bọ inú rẹ̀,
ó yí i, ó tún yí i,
níbi tí ìka ọmọ rẹ̀ ti kọjá.
"Kò dára fún ìbọn mọ́," ó ní.
Kò sọ ohun tó dára fún.